Ṣé Adéṣànyà Kan Náà Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin sọ fún mi pé bí olùkọ́ wọn bá ti ń ṣàlàyé ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ìjọba lẹ́jọ́, orúkọ Adéṣànyà ló máa ń kọ́kọ́ dá. Ṣé Olóyè Abraham Adéṣànyà tó jẹ́ olórí Afẹ́nifẹ́re ni? Kí ló gbé e dé ilé ẹjọ́?
Òǹkàwé kan, Ṣàgámù

ÌDÁHÙN: Òun gan-an ni. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti bí i ní 1922. Ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n dìbò yàn án sí ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní 1959, ẹgbẹ́ UPN sì gbé e wọ Ilé Aṣòfin Àgbà ní 1979.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ààrẹ Shehu Shagari fi orúkọ Adájọ́ Victor Ovie-Whiskey, adájọ́ àgbà Ìpínlẹ̀ Bẹ́ńdẹ̀lì, ránṣẹ́ sí wọn láti jẹ́ alága FEDECO, àjọ elétò ìdìbò ìgbà náà. Adéṣànyà ta kò ó pé ìwé òfin ilẹ̀ wa kò fàyè gba ẹni tó wà nípò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ilé fọwọ́ sí i. Aṣòfin mìíràn ì bá gba kámú. Lọ́yà ni tiwa, ó sì gba ilé ẹjọ́ lọ. Ilé ẹjọ́ gíga dá a láre. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́ náà rárá, nígbà tó sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 1981, àwọn adájọ́ fara mọ́ ọn pé kò lẹ́tọ̀ọ́, wọ́n ní ó ti bá wọn jiyàn ọ̀rọ̀ náà nílé aṣòfin, àti pé ìyànsípò náà kò pa á lára ju bó ṣe kan gbogbo ọmọ ìlú lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rántí òjò ọta ìbọn tí wọ́n rọ̀ sí ọkọ̀ rẹ̀ l'Ékòó ní oṣù kìíní 1997, nígbà tó wà nínú NADECO, ẹgbẹ́ tó ń bá ìjọba ológun jà fún ìjọba tiwantiwa, tí Ọlọ́run sì kó o yọ. Lójú tiwa, ẹjọ́ tó pàdánù yìí kan ará ìlú ju ìyẹn lọ, nítorí fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn lọ́yà ìjọba fi ń ti ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ mọ́ ẹni tó bá fẹ́ bá aláṣẹ ṣẹjọ́ nítorí ìlú. Ó di 2018 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó gbà pé ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún àyíká lẹ́tọ̀ọ́ láti pe NNPC lẹ́jọ́ lórí epo tó dà sínú odò. Adéṣànyà ti kú ní oṣù kẹrin 2008. Kí ọmọ yín ka ìdájọ́ méjèèjì pọ̀.