Èèpo Ọ̀ganwó: Ìwọ̀n Wo Ni A Lè Bó Tí Igi Kò Fi Ní Kú?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú mi ọ̀wọ́n, àgbo ni mo ń tà, ìyá mi ló sì kọ́ mi níṣẹ́ náà. Láyé ìyá mi, àwọn tó ń kó èèpo ọ̀ganwó wá fún wa kì í rìn jìnnà. Nísinsìnyí, wọ́n ní láti sun inú igbó kí wọ́n tó rí i. Àwọn kan ní èèpo mìíràn á hù padà. Ṣé òótọ́ ni? Mélòó la lè bó?
— Ẹlẹ́wé ọmọ, Ìbàdàn

ÈSÌ: Òótọ́ ni, ìyá wa, ṣùgbọ́n bí a ṣe bó o ló ṣe kókó. Lábẹ́ èèpo òde tó le, tó sì rí bí eérú, ni èyí tó pọ́n tó sì korò wà, èyí tí ẹ̀yin ń lò. Inú rẹ̀ gan-an ni oúnjẹ tí ewé ń pèsè ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò. Nítorí náà, bí a bá bó ara igi yípo, kódà kí ibi tí a bó má fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ebi yóò pa gbòǹgbò, igi yóò sì kú, bí ewé rẹ̀ tilẹ̀ ṣì tutù fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bó o ní tẹ́ẹ́rẹ́ lóòró, tí ọ̀bẹ kò sì ha awọ fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ igi, èèpo tuntun yóò máa ti etí ọgbẹ́ hù bọ̀. Kì í ṣe gbogbo igi ló rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò máa ń jẹ ojú ọgbẹ́ àwọn mìíràn kó tó jiná.

Ní ti ìwọ̀n, ẹ jẹ́ ká wo Kamẹrúùnù, níbi tí wọ́n ti ń bó èèpo igi òkè kan, Prunus africana, tí wọ́n ń fi ṣe oògùn fún àwọn àgbà ọkùnrin tí ìtọ̀ ń yọ lẹ́nu. Ìlànà ibẹ̀ ni pé igi tí ìbú rẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ nìkan ni kí wọ́n bó, kí wọ́n pín ara rẹ̀ sí mẹ́rin, kí wọ́n mú apá méjì tó dojú kọra, kí wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn oníbàárà láti Yúróòpù pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ gé igi náà lulẹ̀, wọ́n sì bó o tán pátápátá, títí tí wọ́n fi dá ọjà náà dúró ní Yúróòpù lọ́dún 2007.

Ohun tó bà á jẹ́ níbẹ̀ ló ń ba tiwa náà jẹ́: ẹni àkọ́kọ́ á mú ìwọ̀n tirẹ̀, ẹni kejì á bá apá tó ṣẹ́ kù, á sì rò ó pé bí òun kò bá mú un, ẹlòmíràn á mú un. Àwọn onígẹdú sì tún ń gé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2022 ni CITES, àdéhùn àgbáyé tó ń ṣọ́ òwò ẹranko àti igi tó lè run, ti fi ọ̀ganwó ilẹ̀ Áfíríkà sábẹ́ ìṣọ́. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ẹgbẹ́ yín, kí ẹ fi ẹnu kò lórí ẹni tí yóò máa bó igi nínú igbó wo, kí wọ́n sàmì sára èyí tí wọ́n bá ti bó, kí ẹ sì dá èèpo fẹ́lẹ́ tó wá láti ara igi kékeré padà fún ẹni tó kó o wá.

Ẹ tún lè gbìn ín, ṣùgbọ́n ẹ má gbìn ín ní òun nìkan sójú oòrùn, nítorí kòkòrò kan máa ń lu ọ̀mùnú rẹ̀. Àárín kòkó tàbí igi mìíràn ló dára. Èyí tí ẹ bá gbìn lọ́dún yìí kò ní tó bó fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà àdéhùn lórí àwọn tó wà nínú igbó ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.