Sọ fún bàbá rẹ kí ìforúkọsílẹ̀ ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ Ìkòròdú ni mí, ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mò ń kọ́ ní Ẹ̀pẹ́. CGPA mi, ìyẹn ìpíndọ́gba gbogbo èsì mi, jẹ́ 1.80 nínú 5 lópin ọdún kìíní, mo sì gba F nínú ìṣirò. Sábó ni mo ti ń wọkọ̀ lójoojúmọ́, mi ò kì í bá kíláàsì aago mẹ́jọ. Mo sọ fún bàbá mi pé èsì ò tíì jáde. Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun mọ ẹni tó lè bá mi tún F náà ṣe bí mo bá lówó. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?"

Ọmọ mi, àánú rẹ ṣe mí gan-an. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mú bírò, jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò kan.

Nínú èsì, lẹ́tà A ń mú 5 wá, B 4, C 3, D 2, E 1. F ò mú nǹkan kan wá. Iye yúnítì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí iṣẹ́ náà ṣe wúwo tó, la fi ń sọ ọ́ di púpọ̀, a ó wá fi gbogbo yúnítì pín àpapọ̀ rẹ̀: CGPA nìyẹn. Ká ní yúnítì 40 lo ṣe, 1.80 lọ́nà 40, 72 lo kó jọ nìyẹn. Ọdún mẹ́rin ṣì wà níwájú rẹ. Bí o bá ń ṣe yúnítì 40 lọ́dún, tó jẹ́ B lò ń mú, wàá kó 640 sí i. Ro 72 mọ́ 640, ó di 712; pín in sí ọ̀nà 200, ìyẹn yúnítì ọdún márààrún: 3.56. Láti 3.50 ni second class upper, ìpele tó tẹ̀ lé èyí tó ga jù nínú oyè dìgírì, ti bẹ̀rẹ̀! Ṣùgbọ́n bí ọdún kejì bá tún rí bíi ti àkọ́kọ́, kódà kó o máa mú B lẹ́yìn náà, 3.12 lo máa bá jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o má fi ọdún yìí ṣeré. Carryover ìṣirò yẹn, ìyẹn iṣẹ́ tó o gba F nínú rẹ̀ tó o máa tún ṣe, á fi díẹ̀ kún yúnítì rẹ. Béèrè lọ́wọ́ level adviser rẹ, olùkọ́ tó ń gba ẹgbẹ́ ọdún rẹ nímọ̀ràn, bí wọ́n ṣe ń kà á níbẹ̀.

Ti ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Wọ́n lè torí ẹ̀ lé ọ kúrò nílé ẹ̀kọ́. Yàtọ̀ síyẹn, orí ìṣirò ọdún kìíní ni wọ́n máa kọ́ ti ọdún kejì lé. Ẹni tó ra C ò mọ calculus, ẹ̀ka ìṣirò kan, ìbéèrè tó ń bọ̀ ò sì ní ṣàánú rẹ̀. Wá àwọn ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá, pa ìdáhùn wọn dé, kó o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe wọ́n lórí ìwé títí tó fi máa yọrí. Ìṣirò ò ṣeé kà bí ìwé ìtàn. Má sì pa tẹ́ẹ̀sì kankan jẹ, torí máàkì tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré, kí ìdánwò tó dé rárá.

Síbẹ̀, lójú tèmi, ìrìn Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ tí ò ń rìn lójoojúmọ́ yẹn gan-an ló ń dá ọ lóró jù. Ẹni tó ń jí lóru, tó ń gba Ìtóìkín lọ, tó tún ń gba ibẹ̀ bọ̀ lálẹ́, ìgbà wo ló fẹ́ kàwé? Wá akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ méjì tẹ́ ẹ lè jọ gba yàrá ní Ẹ̀pẹ́, kó o máa wálé lọ́jọ́ Jímọ̀. Kọ owó ọkọ̀ tí ò ń ná láàárín sáà kan sílẹ̀, kó o fi wé ìpín tìrẹ nínú owó ilé náà.

Àmọ́ bàbá rẹ ló máa san owó yàrá yẹn, kò sì lè sanwó fún ìṣòro tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Bó o bá ń bẹ̀rù, kọ́kọ́ fi tó màmá rẹ létí, kó bá ọ jókòó síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ ni kó o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Dọ̀bálẹ̀, kó o wí pé: "Bàbá, èsì ti jáde. Irọ́ ni mo pa fún yín, ẹ má bínú." Ó ṣeé ṣe kó pariwo. Jẹ́ kó pariwo tán, má wí àwíjàre. Bó bá wá béèrè ohun tó o fẹ́ ṣe, gbé ìwé tá a fi ṣìṣirò yẹn fún un, pẹ̀lú iye owó yàrá náà.