Kí o tó gé kòkó bàbá rẹ lulẹ̀

Àbúrò mi, o ní bàbá yín fi oko kòkó sílẹ̀ ní Ìdànrè, igi ti gbó, kò so dáadáa mọ́, o sì fẹ́ gé gbogbo rẹ̀ kí o gbin tuntun. Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí ní Ilé-Olújì. Ojú mi rí màbo.

Éékà 3 ni mo ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ gé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, títí kan igi obì tó ń ṣíji bo oko. Mo wá kó ọmọ kòkó sínú ilẹ̀ gbalasa. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, oòrùn pa ju ìdajì wọn lọ. Ìyá mi ti ní kí n kọ́kọ́ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, kí kòkó lè rí ibòji. Mo ní ti ayé àtijọ́ nìyẹn.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo ṣe ìyókù, apá kan lọ́dún kan. Igi tí ìdí rẹ̀ bá ṣì le, tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, mo ń gé e ku bí ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀. Ọ̀mùnú tuntun yóò yọ láti ìdí rẹ̀. Mo ń yan èyí tó dára jù, mo ń já ìyókù dànù. Ibi tí igi bá ti kú pátápátá ni mo gbin irú tuntun sí, èyí tí iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó ní Ìdí-Àyùnrẹ́ mú jáde.

Tún gbójú sókè wò ó o. Púpọ̀ nínú igi tí mo pè ní arúgbó, afòmọ́ tó hù sórí ẹ̀ka rẹ̀ ló ń mu ún gbẹ.

Má sì tìtorí owó kòkó tó fò sókè ní 2024 wọ igbó tuntun. Òfin tí àwọn ará Yúróòpù ṣe kò fẹ́ kòkó orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn oṣù Kejìlá 2020.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ààlà. Pèrègún tí bàbá mi gbìn, àwọn tí mo gbéṣẹ́ fún gé e mọ́ pàǹtí. Ọdún 2 ni èmi àti ọmọ aládùúgbò wa fi fa ilẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ bàbá rẹ̀ àti bàbá mi jọ ń jẹun nínú ahéré kan náà ni. Nítorí náà, wá àgbà tó mọ ojú ààlà yín, kí ẹ jọ rìn ín yípo ná. Mo ti gbin pèrègún mìíràn. Ọmọkùnrin yẹn ló bá mi di ọ̀pá mú.