Kòkó tó ti tà kó tó so

Àbúrò mi, o ní o kàwé kọ̀ǹpútà jáde, o wà nílé ní Ìkọ̀lé, ìyá rẹ ń yan gàrí, o sì fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń dá àǹfààní mọ̀ kó tó fi ìmọ̀ ẹ̀rọ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. O tún béèrè bóyá Èkó ló yẹ kó o lọ. Jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí fún ọ.

Lọ́dún 2019, mo bẹ̀rẹ̀ áàpù kan fáwọn àgbẹ̀ kòkó lágbègbè Ìgbàrà-Odò. Mo gbà pé ṣe làwọn tó ń rà á lábúlé ń rẹ́ wọn jẹ. Mo fẹ́ kí àgbẹ̀ máa rí iye tí wọ́n ń rà á níbòmíì lórí fóònù, kó sì tà á fẹ́ni tó bá san jù. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi ṣe é. Mo ta ọ̀kadà mi. Mo ń ti abà dé abà forúkọ wọn sílẹ̀, àgbẹ̀ bí àádọ́ta. Gbogbo wọn ní ó dáa, wọ́n fún mi lómi mu, wọ́n ṣàdúrà fún mi. Ìgbà tí kòkó dé, kò sẹ́ni tó ta àpò kan ṣoṣo níbẹ̀. Àpò kan o! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò lè jáde nílé. Tí mo bá gbọ́ ohùn ẹni tó yá mi lówó níta, àyà mi á já.

Ìyá àgbàlagbà kan tó ń sá kòkó ló là mí lójú. Ó ní, “Ọmọ mi, nígbà òjò tí owó iléèwé ọmọ mi dé, ta ló yá mi lówó? Ṣé ìwọ ni, àbí ẹni tó ń ra kòkó?” Kòkó ilẹ̀ yẹn ti tà fún ẹni tó yá a lówó kó tó so. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fún un mọ́wọ́, ó gbé e sétí. Kò dún. Ó ní kò tíì gbẹ. Owó ló ń fetí sí yẹn, nítorí kòkó tómi inú rẹ̀ bá ju ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lọ á bu, ẹni tó ń rà á á sì yọ ọ́ nínú ìwọ̀n bó ṣe wù ú. Odidi ọdún kan ni mo fi ń wò wọ́n tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò ka á sí nǹkan kan. Níbi táwọn èèyàn bá ti ń fi etí, eyín tàbí ìwé jágbajàgba wọn ohun tó ń gbówó lọ́wọ́ wọn, ibẹ̀ ni kó o dúró sí.

Àwọn tó ń pe ara wọn ní ògbógi kò sọ èyí fún mi. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Adó, wọ́n ní kí n kọ iye tí mo máa pa lọ́dún márùn-ún. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ni àgbẹ̀ jẹ ní gbèsè. Ọ́fíìsì kan sì dá mi padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí ìwé kan náà, ẹni tó máa buwọ́ lù ú kò wá. Bí wọ́n bá ní kó o san owó fọ́ọ̀mù kó o tó gba owó ìrànwọ́, sá o! Fíforúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, kò le, o máa ṣe ìyẹn.

Scott Shane, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2000 lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ 3D printing kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń to nǹkan ní ìpele-ìpele títí á fi di odindi, tí wọ́n ṣe ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà. Ikọ̀ mẹ́jọ ló fẹ́ fi í ṣòwò, ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ sì yàtọ̀ síra, kálukú gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, má tíì sá lọ sí Èkó; ohun tó o mọ̀ nílé lo máa fi rí tìrẹ.

Máa wo ohun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà pẹ̀lú. Lọ́dún 2023, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣòfin pé kí ẹni tó bá ń kó kòkó wọ ọ̀dọ̀ wọn fi ibi tí oko náà wà gan-an hàn, kó sì dájú pé wọn ò gé igbó kìjikìji lulẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù Kejìlá ọdún 2020. Wọ́n ń sún ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti ń wá. Mò ń gbé fóònù yí oko ká báyìí, mò ń ya ààlà rẹ̀. Ẹni tó ń ra kòkó, tí mo fẹ́ yọ kúrò láàárín lọ́jọ́sí, òun ló ń sanwó fún mi.

Tẹ̀lé ìyá rẹ láti ìgbà tí wọ́n bá ti ń hú ẹ̀gẹ́ títí wọ́n á fi wọn gàrí lọ́jà. Má bi í bóyá ó máa lo áàpù. Bi í pé níbo lowó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Tí wọ́n bá ń fún ẹ̀gẹ́, wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, kó o sì bi í bó ṣe ń mọ̀ pé omi rẹ̀ ti tó.