Kí ni "Sine Cerere et Libero friget Venus" ń sọ?

Ìbéèrè: Mo rí àwòrán àtijọ́ kan láti Holland. Ọkùnrin kan fi ewé àjàrà ṣe adé, obìnrin kan gbé ọkà dání, òmíràn sì wà níhòòhò. Ọ̀rọ̀ Latin tó wà lókè yìí ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣé ọtí ni wọ́n ń yìn?

Ìdáhùn: Òwe àwọn ará Róòmù ni: bí kò bá sí Ceres àti Liber, òtútù á mú Venus. Ceres ló ni ọkà, Liber (òun náà ni Bacchus) ló ni wáìnì, Venus ló ni ìfẹ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́; ọ̀rọ̀ ìfẹ́ gan-an kò yọ sílẹ̀.

Inú eré kan tí Terence, òǹkọ̀wé eré, kọ, tí wọ́n ṣe ní Róòmù lọ́dún 161 ṣáájú ìbí Kristi ni òwe náà ti gbajúmọ̀. Nínú eré náà, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Chremes ń ti ibi àsè bọ̀, ọtí ti ń pa á. Ó kan Pythias, ìránṣẹ́bìnrin kan, ó ní ẹwà rẹ̀ mà ti pọ̀ ju ti àárọ̀ lọ! Pythias ní ìwọ náà ni ara rẹ yá gágá. Ibẹ̀ ni Chremes ti pa òwe. Ẹ̀fẹ̀ ọ̀mùtí ni, nígbà yẹn.

Ṣùgbọ́n Jerome, àgbà onígbàgbọ́, yí i padà. Ó fi gba opó kan tó ń jẹ́ Furia nímọ̀ràn: ẹni tí kò bá fẹ́ kí ìfẹ́ ara gbóná, kó dín oúnjẹ àti wáìnì kù.

Hendrick Goltzius, ayàwòrán ará Haarlem ní Holland (1558–1617), fẹ́ràn òwe yìí gan-an. Iná ti jó ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní kékeré, àwọn ìka kò nà tán mọ́, síbẹ̀ ọwọ́ yẹn ló fi ń fín àwòrán sára bàbà tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé: ìlà á bẹ̀rẹ̀ ní tín-ín-rín, á sanra láàárín, á tún tín-ín. Nígbà tó yá, ó ń fi kálàmù àti yíǹkì ya irú ìlà bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan tó yà sórí awọ lọ́dún 1593 wà ní British Museum ní London. Ńlá kan tó wà lórí aṣọ wà ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, ẹ wo èyí tí ẹ rí dáadáa, ó lè má jẹ́ àwòrán tí wọ́n tẹ̀ rárá, ó lè jẹ́ kálàmù ni wọ́n fi yà á.

Ní tèmi, mi ò rí ààwẹ̀ Jerome nínú iṣẹ́ Goltzius. Lọ́dún 1596, Jan Saenredam, ẹni tó ń fín àwòrán sára bàbà, fín mẹ́ta jáde láti inú àwòrán Goltzius: àwọn àgbẹ̀ ń sin Ceres, àwọn ọ̀mùtí ń sin Bacchus, àwọn olólùfẹ́ ń sin Venus. Kò sí ẹni tí wọ́n ń bá wí níbẹ̀.