Ta Ni Bàbá Ilé Kejì?

Ìlà kẹtàlá lẹ́tà rẹ ni mo ti dúró, n kò sì tíì kúrò níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ojú ìwé mẹ́rin ni o kọ sí mi nípa ilé ìsinmi tí ìwọ àti ọkọ rẹ rà sí etí òkun ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ilé tí ó jìn tó ìrìn wákàtí márùn-ún nínú ọkọ̀ sí ibi tí ẹ ń gbé, tí ẹ kì í sì í lò ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ lápapọ̀ láàárín ọdún. O ṣàlàyé bí rọ́bà tí ń gbé omi wọ inú ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe bẹ́ nígbà tí ẹ kò sí níbẹ̀, bí pákó ilẹ̀ yàrá méjì ṣe wú tí ó sì ká sókè, àti bí iléeṣẹ́ adójútòfò ṣe kọ̀ jálẹ̀ láti sanwó. Ohun tí o ń béèrè ni iye kámẹ́rà tí ó yẹ kí o rà, irú èyí tí ó dára jù, àti ọ̀nà tí o lè gbà yí ọkàn ọkọ rẹ padà, ẹni tí ó ní kí ẹ kúkú ta ilé náà kí ọkàn yín lè balẹ̀. Láàárín gbogbo ìwọ̀nyí ni o ti sọ gbólóhùn kan sílẹ̀ bí ẹni da omi ìfọwọ́ nù: "Ọkùnrin ilé kejì, tí n kò rántí orúkọ rẹ̀, ni ó pè wá pé omi ń ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, n kò tilẹ̀ mọ ibi tí ó ti rí nọ́ńbà wa, ọkọ mi kò sì kọ́kọ́ gbé e nítorí pé nọ́ńbà àjèjì ni."

Ọdún mẹ́fà gbáko! Èmi kò gbà pé o gbàgbé orúkọ rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò béèrè kò ní ohun tí yóò gbàgbé. Ní ojú ìwé kejì, o sọ pé ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́ àti pé gbogbo irun orí rẹ̀ ti funfun, síbẹ̀ "ó" ni o ń pè é láti òkè lẹ́tà rẹ dé ìsàlẹ̀. Láti ibí yìí lọ, èmi yóò máa pe bàbá náà ní "wọ́n", kí o lè gbọ́ bí ó ṣe ń dún.

Jẹ́ kí a tẹ̀lé bàbá yìí díẹ̀. Wọ́n jáde, wọ́n rí omi tí ń yọ́ jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn ilé onílé. Wọ́n kan ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yẹn gan-an, èyí tí o pè ní "ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè ronú kàn". Gbogbo olè ayé ni ó ti ronú kàn án o! Abẹ́ ìkòkò òdòdó, abẹ́ ẹní ìnusẹ̀ àti orí àtẹ́rígbà ni olè kọ́kọ́ máa ń fọwọ́ wá. Ẹni kan ṣoṣo tí kò ní wá kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀ ni ọmọlúàbí tí kì í tú ẹrù ẹlẹ́rù wò, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó sì dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, bàbá fi ẹsẹ̀ wọn méjèèjì dúró nínú omi, kọ́kọ́rọ́ tí ì bá gba ilé rẹ sílẹ̀ kò jìnnà ju apá kan lọ sí wọn, wọn kò sì mọ̀. Wọ́n padà sílé láti lọ wá nọ́ńbà rẹ. Ọwọ́ ta ni wọ́n ti rí i? Bóyá lọ́wọ́ ẹni tí ó kun ilé fún yín, bóyá lọ́wọ́ ẹni tí ó ta ilé náà fún yín. Èyí tí ó wù kí ó jẹ́, wọ́n wá a títí wọ́n fi rí i. Wọ́n pè, ọkọ rẹ wo ojú fóònù, ó sì gé e. Wọ́n tún pè, ó tún gé e. Ìgbà kẹta ni ó tó gbé e, gẹ́gẹ́ bí o ṣe kọ ọ́. Ní gbogbo àkókò tí ẹ fi ń fura sí ẹni tí ń pè yín, omi ń wọ abẹ́ pákó yín lọ ni.

Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì láti wá ibi tí ẹ ti dúpẹ́. N kò rí i. Ohun tí mo rí ní ojú ìwé kẹrin ni pé o fẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn kámẹ́rà náà kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ilé bàbá yìí, "nítorí ó máa ń yọjú wo ọgbà wa". Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìwọ ń wá ẹ̀rọ tí yóò máa ṣọ́ olè, kí ni kí a wá pe ìwọ? Ìyọjú tí ń bí ọ nínú yẹn ni ó jẹ́ kí wọ́n rí omi. Bí wọ́n bá jẹ́ irú ẹni tí kì í yọjú, inú omi yẹn ni ilé ì bá wà títí di ìgbà tí ẹ bá tún wá sinmi.

Bí ìtìjú kò bá sì tó láti dá ọ dúró, jẹ́ kí òfin dá ọ dúró. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, ilé ẹjọ́ gíga ti Àjọṣepọ̀ Ilẹ̀ Yúróòpù gbé ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan yẹ̀ wò, ará Czech, tí ó gbé kámẹ́rà kọ́ ara ilé rẹ̀ nítorí pé àwọn kan ń fọ́ fèrèsé rẹ̀, kámẹ́rà náà sì ń ya ojú títì àti ẹnu ọ̀nà ilé tí ó dojú kọ tirẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní kámẹ́rà tí ó bá ti ń ya ojú títì báyìí ti kúrò ní ọ̀ràn inú ilé ẹni nìkan, ó sì ti bọ́ sábẹ́ òfin tí ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ọmọlàkejì. Ọkùnrin yẹn tilẹ̀ ní ẹjọ́ rò, nítorí pé wọ́n fọ́ fèrèsé rẹ̀ ní tòótọ́. Kí ni bàbá ilé kejì fọ́ fún ọ?

N kò bá kámẹ́rà jà. Bí ọ̀kan bá ti wà nínú yàrá ìfọṣọ rẹ lọ́jọ́ náà, ì bá ti fi hàn ọ́ lórí fóònù pé omi ń kún, ìwọ ì bá sì jókòó sí ibi tí ó jìn tó wákàtí márùn-ún, kí o máa wo omi bí ẹni ń wo eré. Kámẹ́rà kì í pa omi. Bí iná bá lọ tàbí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, ọ̀pọ̀ wọn kì í tilẹ̀ lè fi nǹkan hàn ọ́ mọ́. Lẹ́yìn tí o bá ti rí ohun tí o rí, ẹnì kan ni o máa pè kí ó lọ wo ilé, ẹni náà kò sì ní jẹ́ ẹlòmíràn ju ẹni tí o kò mọ orúkọ rẹ̀ yìí lọ. Ọjọ́ tí o ra ilé kún ilé ni o ti ra òfìfo, nítorí pé èyíkéyìí tí o bá wà nínú rẹ̀, èkejì ṣófo. Ilé tí ẹ ń gbé gan-an náà ń ṣófo nígbà tí àwọn ọmọ rẹ bá ń gbé àwòrán etí òkun sórí ìkànnì kí ẹ tó padà sílé. Sọ fún wọn kí wọ́n dúró di ìgbà tí ẹ bá dé.

Ní ti iléeṣẹ́ adójútòfò, o ní wọ́n fi ọgbọ́n àrékérekè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìwọ náà ni o sọ pé ọjọ́ 74 ni ẹ ti kúrò níbẹ̀ kí rọ́bà náà tó bẹ́. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn lórí ilé ni ó ní ìlà kan tí ó sọ pé bí ilé bá wà láìsí ẹni nínú rẹ̀ fún ọjọ́ 30, tàbí ọjọ́ 60 nínú àwọn mìíràn, wọn kò ní sanwó mọ́ fún omi tí ó bẹ́ tàbí fún olè tí ó jà, àyàfi bí ẹ bá ti jọ ṣe àdéhùn mìíràn ṣáájú. Àwọn kan á sì béèrè pé kí ẹnì kan máa wọlé yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè, kí ó sì máa kọ ọjọ́ tí ó wọlé sílẹ̀. O fọwọ́ sí ìwé yìí ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn láì kà á. Lọ kà á.

Èmi náà ti hùwà òmùgọ̀ irú èyí rí, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo rin ìrìn àjò ọjọ́ mẹ́sàn-án nígbà kan, mo sì tan rédíò sílẹ̀ kí olè lè rò pé ènìyàn wà nínú ilé, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá tí ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ mi ṣàkíyèsí pé rédíò kò sinmi lọ́sàn-án lóru, wọ́n kanlẹ̀kùn títí, wọ́n sì rò pé mo ti ṣubú lulẹ̀ nínú ilé. Wọ́n ní kí wọ́n já fèrèsé. Nígbà tí mo dé, mo bá pákó tí wọ́n fi dí ojú fèrèsé náà, àti ìwé kékeré kan lórí tábìlì: "A wá ọ títí nínú ilé yìí. Ibikíbi tí o bá wà, wá tún fèrèsé rẹ ṣe." Olè kò wá o, èmi ni mo mú kí aládùúgbò mi fọ́lé. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ sun ibòmíràn fún òru méjì péré, ìyá yẹn á ti gbọ́.

Ó yá, gbéra. Má fi fóònù ṣe èyí, wa ọkọ̀ rẹ fún wákàtí márùn-ún, kí ọkọ rẹ bá ọ lọ, nítorí pé òun ni ó gé fóònù. Ẹ kan ilẹ̀kùn bàbá, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì bẹ̀bẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀. Bàbá kì í ṣe ọlọ́dẹ yín, wọn kò sì jẹ yín ní gbèsè, nítorí náà ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè máa bá yín wo ilé, kí ẹ sì gbà bí wọ́n bá ní àwọn kò lè ṣe é. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ wá ẹni tí ẹ ó máa sanwó fún láti máa wọlé yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá gbà, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà yín méjèèjì, ẹ gba tiwọn, kí ẹ sì máa sọ fún wọn ní ọjọ́ tí ẹ ó dé àti ọjọ́ tí ẹ ó lọ. Kọ́kọ́rọ́ abẹ́ ìkòkò yẹn, ọwọ́ wọn ni kí ó bọ́ sí.

Lẹ́yìn náà, mú wọn wọlé lọ wo ibi tí a ti ń pa omi gbogbo ilé. Mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìwọ fúnra rẹ kò mọ ibi tí ó wà, nítorí pé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ì bá ti pa á kí ó tó lọ fún ọjọ́ 74. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀gbẹ́ ibi tí páìpù ti wọ inú ilé ni ó máa ń wà, tàbí nítòsí mítà omi. Yí i pa, kí o tún un ṣí, nítorí pé èyí tí a kò bá fọwọ́ kàn fún ọdún púpọ̀ máa ń gan, ọjọ́ tí omi bá sì bẹ́ kọ́ ni ó yẹ kí o ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Nígbà tí o bá tún ṣí i, pa gbogbo ẹnu ẹ̀rọ omi inú ilé, kí o lọ wo ojú mítà: bí ọwọ́ kékeré inú rẹ̀ bá ṣì ń yí, omi ń jò níbì kan tí o kò tíì rí. Bí òtútù ibẹ̀ bá máa ń sọ omi di yìnyín, fa omi inú páìpù jáde kí ẹ tó lọ, nítorí pé omi tí ó di yìnyín máa ń fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 gbòòrò sí i, òun ni ó sì ń la páìpù. Nígbà tí ẹ bá padà dé, ẹ jẹ́ kí omi ṣàn dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó wẹ̀, nítorí pé kòkòrò àìfojúrí kan fẹ́ràn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ó dúró sójú kan, ẹ̀dọ̀fóró ni ó sì ń bá jà. Òun ni ó pa ọ̀pọ̀ àwọn ológun àtijọ́ tí wọ́n péjọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Philadelphia ní ọdún 1976.

Ní ti títa ilé, ọ̀rọ̀ ìwọ àti ọkọ rẹ nìyẹn, n kò ní dá sí i. Ní ti kámẹ́rà, kọ lẹ́tà sí mi padà, n óò dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n kí orúkọ bàbá ilé kejì wà ní ìlà àkọ́kọ́, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ bí wọ́n ṣe pè é fún ọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n kò ní kà á.