Èwo nínú àṣíborí ni kí n rà fún ọmọ mi tó ń gun alùpùpù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnjiníà. Ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ra alùpùpù tó ń gùn láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta hẹ́límẹ́ẹ̀tì ní Takie, mẹ́ta ni wọ́n kó síwájú mi. Gbogbo wọn ló ń dán, gbogbo wọn ni wọ́n kọ DOT sí lẹ́yìn, àmọ́ owó wọn jìnnà síra gan-an. Ẹni tó ń tà á ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, pé àwọ̀ ló yàtọ̀. Ṣé lóòótọ́ ni? Kí ni kí n máa wò?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, màmá. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá, kì í sì í ṣe àwọ̀ ló fi wọ́n sọ́tọ̀.

Èèpo ìta tó ń dán yẹn, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ohun ṣónṣó má lè wọlé, kí agbára ìkọlù sì tàn káàkiri dípò kó dúró sójú kan. Nínú èyí tó pọ̀ jù lọ́jà, ike líle ni, tí wọ́n yọ́, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tì sínú mọ́ọ̀dù. Nínú èyí tó wọ́n, fáíbà ni, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ra ní ìpele ìpele. Àwọn èèyàn máa ń fi ìka kàn án, tó bá ti dún kó, wọ́n á ní eléyìí le. Líle nìkan ò lè gba orí là.

Ohun tó ń gbani là wà lábẹ́ rẹ̀: fóòmù funfun líle, irú èyí tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣọ̀n mọ́nú páálí. Wóró ike kéékèèké ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á fi oru omi gbígbóná wú wọn, wọ́n á dà wọ́n sínú mọ́ọ̀dù, wọ́n á tún fi oru sí i títí wọ́n á fi lẹ̀ pọ̀. Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn la sì ń sanwó fún. Tí orí bá gbá títì, agbárí á dúró lójijì, àmọ́ ọpọlọ tó wà nínú rẹ̀ ṣì ń sáré lọ, á sì lọ gbá agbárí láti inú. Tí fóòmù bá wà láàárín, á máa rún bí orí ṣe ń tẹ̀ ẹ́, orí ò sì ní dúró gbì. Ìyàtọ̀ ìgbà tó wà níbẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ò lè rí i, síbẹ̀ òun ló ń dá ọpọlọ sí.

Fóòmù tó bá ti rún kì í wú padà. Ìdí nìyí tí àṣíborí tó ti bá èèyàn ṣubú lójú títì ò fi ṣeé dé mọ́, kódà kí èèpo rẹ̀ má sán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra tòkunbọ̀ rẹ̀ láéláé. Ẹ ò mọ ibi tó ti gbá.

Tí ẹ bá padà dé Takie, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ rọra ṣí aṣọ inú rẹ̀ lápá kan. Tí ẹ bá bá fóòmù líle tó nípọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5, tí àtàǹpàkò yín ò lè tẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́, ẹ máa bá ìdúnàádúrà lọ. Tó bá jẹ́ tìmùtìmù rírọ̀ lẹ bá, tàbí tí ọwọ́ yín kan ike lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ dá a padà fún un. Ẹ gbé e wò lọ́wọ́ pẹ̀lú. Ojúlówó máa ń wọn nǹkan bíi kílò kan sí kílò kan àtààbọ̀. Àwọn kan wà tí kò tó ìdajì kílò, ìyẹn kì í ṣe ohun à ń gùn lọ Ọ̀yọ́.

Ní ti DOT: àmì òfin Amẹ́ríkà fún àṣíborí ni, òfin tí wọ́n ń pè ní FMVSS 218, tó ti wà láti ọdún 1974. Nínú ìlànà yẹn, ilé iṣẹ́ tó ṣe é fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́rìí pé ọjà òun kún ojú òṣùwọ̀n, ìjọba wọn á kàn máa mú díẹ̀ lọ́jà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Láti 2013, sítíkà tòótọ́ gbọ́dọ̀ ní orúkọ ilé iṣẹ́ àti ti irú àṣíborí náà, kó sì ní "FMVSS No. 218" àti "CERTIFIED" lára. DOT lásán tó dá dúró, ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè ṣe é.

Ìlànà ECE 22 tó wá láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni mo fọkàn tán jù, torí wọ́n gbọ́dọ̀ dán an wò kó tó dé ọjà. Wọ́n á ki orí irin bọ inú àṣíborí, wọ́n á jẹ́ kó já lu irin ní eré kìlómítà 27 ní wákàtí. Ẹ lè ní eré yẹn kéré. Eré tí orí fi ń já lu ilẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe eré alùpùpù. Ó tó kéèyàn já láti òkè tó sún mọ́ mítà mẹ́ta. Ẹ̀dà tuntun rẹ̀, 22.06, fi ìkọlù ẹ̀gbẹ́ tó ń yí orí po kún un. Ẹ wá àmì rẹ̀ lára okùn àgbọ̀n: lẹ́tà E tí ìlà róbótó yí ká, pẹ̀lú nọ́ńbà orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i (E1 ni Jámánì, E3 ni Ítálì), àti nọ́ńbà gígùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 05 tàbí 06. Tí ẹ bá rí P lẹ́yìn nọ́ńbà yẹn, a jẹ́ pé ibi àgbọ̀n rẹ̀ ń dáàbò boni. NP ò lè ṣe é.

Ẹ ó rántí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, tí FRSC bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí kò dé àṣíborí, táwọn kan gbé igbá borí. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rà á nítorí ojú ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tí wọn ò rà á nítorí orí wọn. Ó ń dùn mí gan-an, torí irú rírà bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí ayédèrú tà.

Ọmọ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá yín lọ. Kó fi tépù télọ̀ wọn orí rẹ̀ yíká lókè ìpéǹpéjú, kó dé e láìsí fìlà lábẹ́, kó sì de okùn. Ó yẹ kó fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Kí ẹ wá dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ di etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, kí ẹ fà á síwájú gidigidi. Tó bá bọ́, kò gbà á, bó ti wù kó dára tó. Àṣíborí tí wọn ò de okùn rẹ̀ kì í dúró lórí ẹni tó ń ṣubú.

Kó má fi bẹntiróòlù tàbí tínà nù ún o, wọ́n ń jẹ ike àti fóòmù. Omi àti ọṣẹ ti tó. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kó pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá sì máa ń gbé èèyàn sẹ́yìn, méjì ni kí ẹ rà.